Olóyè Ernest àti Ìpín Ajá

Ẹ bá mi yẹ̀ fún Ernest Ọládàpọ̀, ó ń kọjá. Ẹ yẹ̀ dáadáa o, nítorí agbádá rẹ̀ ń gba ọ̀nà ju ọkọ̀ agbégẹdú lọ, àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó sì mọ bí ọkọ̀ agbégẹdú ṣe ń gba ọ̀nà.

Ernest ọmọ Jàpàrà! Agbádá-ń-gbálẹ̀, Oníkùn-bí-àgbá, Ojú-kì-í-rí-ẹran-kó-sùn! Olóyè ni. Ta ló fi í joyè? Ẹ má bi mí. Èkó ló ti ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà dé, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Olóyè ti dé." A kò rí ẹni tó já ewé lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú kì í wá wàhálà. Bí ènìyàn bá ní Olóyè lòun, a máa ń fi "Kábíyèsí" kún un kó lè tètè kọjá lọ.

Aago ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò, kò sì ṣiṣẹ́. Bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á gbọ́wọ́ sókè, á yọjú wo oòrùn, á ní, "Aago mi sọ pé ọ̀sán ti pọ́n."

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Olóyè wa: ẹran. Kò sí ibi tí èéfín ẹran ti yọ ní Jàpàrà tí Ernest kì í yà kí wọn kú iṣẹ́. Bí Olúbùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ bá se ọbẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, omi ọbẹ̀ nìkan ló ń bá nínú ìkòkò.

"Ìyá Oríolúwa," Ernest á ní, "èkúté ilé yìí ti pọ̀ jù."

"Bàbá Oríolúwa, èkúté tó ń dé ìdérí padà sórí ìkòkò?"

"Ayé ti yí padà. Àwọn èkúté náà ti kàwé."

Olúbùsọ́lá á rẹ́rìn-ín, á sì lọ wá ẹja gbígbẹ. Obìnrin náà ní sùúrù. Ká ní kò ní in ni, ọjọ́ ti pẹ́ tí ì bá ti kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òfin kan fún yín kí a tó máa lọ. Ní Jàpàrà, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọdẹ máa ń kóra jọ wọ igbó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá Sùrájù ni olórí wọn, àgbà Mùsùlùmí tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá pa ẹran, iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in. Ẹni tó yìnbọn gba itan. Olórí ọdẹ gba àyà. Ẹ̀dọ̀ jẹ́ ti àwọn ìyá arúgbó àdúgbò tí eyín ti tán lẹ́nu wọn. Ajá tó lé ẹran náà jáde ló ni ọrùn. Ènìyàn tàbí ajá yòówù tó bá sì fọwọ́ tàbí ẹnu kan ẹran kí wọ́n tó pín in, ìpín rẹ̀ ti lọ, kò sì ní bá wọn wọ igbó mọ́ lọ́dún náà.

Ajá kọ́ ló ń jẹ ọrùn yẹn o. Olówó ajá ló ń gbé e lọ sílé, á jẹ ẹran rẹ̀ tán, á ju eegun sílẹ̀, ajá á sì mi ìrù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayé bàbá wọn, ajá kankan kò sì tíì pè wọ́n lẹ́jọ́.

Nígbà tí Ernest gbọ́ òfin yìí, oorun dá lójú rẹ̀. Ìbọn kò ṣeé gbé fún un. Bí àwọn ọmọdé bá yin báńgà lásán lọ́jọ́ Kérésì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ó ti bá Olóyè. Ṣùgbọ́n ajá? Ajá ni yóò sáré, ajá ni ẹ̀gún yóò gún, Olóyè ni yóò gbé ọrùn délé. Ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, ó sì mú ajá kan bọ̀.

Ajá náà ga, ó sanra, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní àmì pupa méjì lókè ojú. Ẹni tó tà á kò sọ fún Ernest pé inú àgò irin ni ajá náà ti dàgbà, òun nìkan, àti pé láti ìgbà tó ti lajú sáyé, kò rí ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ernest náà kò béèrè. Ọrùn ajá ló ń wò, ó ń fi í wọn ọrùn ẹran.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá Yorùbá kì í jórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè sọ sójú aládùúgbò rẹ̀ ló fi ń sọ ajá lórúkọ. Ernest sọ tirẹ̀ ní Kíniwọ́nlèṣe. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ilé Bàbá Sùrájù, á sì ké tantan: "Kí-ni-wọ́n-lè-ṣe!"

Bàbá Sùrájù náà ní ajá kan, ajá ilẹ̀ wa, tó tín-ín-rín bí igi ìdáná, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Bí Ernest bá ti pe tirẹ̀ tán, bàbá náà á jókòó lórí àga rẹ̀, á rọra pe tirẹ̀: "Ẹ-máa-wò-ó."

Lọ́jọ́ tí Olóyè kọ́kọ́ mú Kíniwọ́nlèṣe jáde, gbogbo àdúgbò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó dúró ságbede méjì títì, ó na ìka sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa! Kìnnìún ń sá fún ajá mi yìí. Kì í purọ́, kì í ṣojúsàájú. Ohun tó bá tọ́ka sí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀!"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan. A máa lò ó.

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni Ẹmáawòó ti jáde lábẹ́ àga ọ̀gá rẹ̀, ó na ara, ó yán. Kíniwọ́nlèṣe rí i. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó bí ẹni pé ọ̀run ń ya bọ̀, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò fọ́n ká. Inú Ernest dùn débi pé ó ń jó. Ẹmáawòó kò mọ̀ pé ìjà ni. Ó ń bọ̀ wá kí àlejò. Ìgbà tó sún mọ́ wọn, Kíniwọ́nlèṣe ké bí ọmọ ewúrẹ́, ó yí padà, ó gba abẹ́ agbádá wọlé, ó fi ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ yí ẹsẹ̀ Olóyè ká. Gbìì! Olóyè bá ara rẹ̀ nínú láfún tí Afeezat aláfún sá sẹ́bàá títì.

Ó dìde, ó funfun bí òkú. "Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi," ó ní. "Ajá òyìnbó kì í jà níwájú ọ̀gá rẹ̀."

"Olóyè," Afeezat ní, "láfún mi ńkọ́?"

Olóyè ti lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó tẹ̀lé àwọn ọdẹ wọ igbó. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, bí Kíniwọ́nlèṣe ṣe rí àwọn ajá yòókù, igbe tó ké lé gbogbo ọ̀yà tó wà nínú igbó Jàpàrà dé ìlú Awa. Wọn kò rí òkété pàápàá mú bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Bàbá Sùrájù, Ernest na ọwọ́.

"Ẹ mú ọrùn mi wá."

"Ọrùn èwo?" ni Bàbá Sùrájù bi í.

"Ọrùn ẹran tí à bá pa ká ní a rí i."

Àwọn ọdẹ wo ara wọn. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, ebi náà ń pa wọ́n.

"Ernest," Bàbá Sùrájù ní, "ajá tí kò lè dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè bá wa wọ igbó. Mú un lọ sílé. Bí ó bá di ọjọ́ ọdẹ ńlá tí a ó ṣe kí àwẹ̀ tó wọlé, mú un padà wá. Bí ó bá dúró dáadáa, ìpín rẹ̀ ń dúró dè é. Bí kò bá lè dúró, ó tán nìyẹn."

Ernest délé, ó jókòó, kò jẹun. Àbí kí n sọ òótọ́: ó jẹun, ṣùgbọ́n kò gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo ajá náà láti orí dé ìrù.

"Ìyá Oríolúwa, bí ajá yìí kò bá lè gbé ọrùn wálé fún mi, òun fúnra rẹ̀ ní ọrùn."

"Kí lẹ ní?"

"Mo ti bá ọkùnrin tó ń fi ajá se pẹ́pẹ́súùpù lọ́nà Òkè-Àgbò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lé e lọ́jọ́ ọdẹ ńlá, ilé ọkùnrin yẹn ló ń lọ. Orí àti ọrùn á jẹ́ tèmi, a ti ṣàdéhùn."

Láti ìgbà tí Oríolúwa ọmọ wọn ti gba iṣẹ́ lọ sí Àbújá, ilé náà ti dá. Ẹnu Bàbá Oríolúwa kì í dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló ń kì. Ajá yìí ló ń bá Olúbùsọ́lá jókòó. Bí ó bá ń rin iṣu ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ajá á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, á mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà, wọ́n á sì jọ dákẹ́. Ó fẹ́ràn ajá náà, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ó wọ iyàrá lọ, ó fi ìborùn nu ojú.

Ernest kọ́kọ́ tọ́jú ajá náà fúnra rẹ̀, ìtọ́jú Olóyè. Ó ra dígí ojú dúdú fún un. Ó ní bí kò bá rí àwọn ajá yòókù, kò ní bẹ̀rù wọn. Ajá fi orí gbá ògiri, ó sì jẹ dígí. Ó wá fi èdè òyìnbó bá a wí: "Bìhéèfù! Mo ní kó o bìhéèfù!" Ajá sùn. Níkẹyìn ó wọ́ ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, níbi tí ajá kún bí eṣú, ó ní kí ojú rẹ̀ lè là ni. Wọ́n padà dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ajá ló kọ́kọ́ délé. Olóyè dé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní fìlà, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ẹnì kan wà nínú ilé wọn tó ń wo gbogbo rẹ̀, tó sì ń bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Leah ni, ọmọ Ìwòpin tó gba yàrá ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ wọn, tó ń ti ibẹ̀ lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó wá bá Olúbùsọ́lá ní ìdí ààrò.

"Mọ́mì, ajá yìí kì í ṣe oníjà o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ajá kan rí bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Ìwòpin."

"Kí lẹ wá ṣe fún un?"

"A kò mú un sún mọ́ wọn. Òkèèrè la máa dúró sí, níbi tó ti lè rí ajá mìíràn kó má tíì gbó. Bí ó bá ti rí i báyìí, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Ajá yọ, ẹran yọ. Ajá lọ, ẹran tán. Tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á rò ó pé àṣé ẹran ni ajá mìíràn ń mú bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Kò gba ipá. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, Mọ́mì."

"Sùúrù?" Olúbùsọ́lá ní. "Èmi tí mo fẹ́ Bàbá Oríolúwa?"

Ó ra fùkù màlúù, ó sè é, ó gé e wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni Olóyè ti yọ láti inú pálọ̀. Imú rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé.

"Obìnrin kì í kọ́ ajá ọdẹ! Ẹ kó ẹran náà wá, èmi olówó rẹ̀ ni yóò mú un jáde."

Ó da fùkù sápò, ó mú ajá lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà. Ajá ń wo àpò, Olóyè ń fi ìka yọ eyín.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?" Leah bi í.

"A jẹ ẹ́."

"Dádì, ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi ni mo ń jẹ, òun ló ń wò mí. Àpẹẹrẹ ni mo ń fi lélẹ̀ fún un. Ẹ fi ata díẹ̀ sí i lọ́la."

Olúbùsọ́lá kò bá a jiyàn. Ọjọ́ kejì, ó po gaàrí Ìjẹ̀bú tutù fún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó fi ẹ̀pà sí i, ó fi ẹja díndín tì í. Olóyè mu ún yó, ó sùn, ó ń han-an-run bí ẹ̀rọ ìlagi. Àwọn obìnrin méjèèjì fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n mú ajá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń lọ sópin.

Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Lódìkejì pápá, lábẹ́ igi máńgòrò, ni Ẹmáawòó máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dúró sí jìnnà débi pé Ẹmáawòó kò tóbi ju ológbò lọ lójú wọn. Kíniwọ́nlèṣe rí i, àyà rẹ̀ ń lù, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Olúbùsọ́lá ti fùkù sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ láìmọ̀ pé òun ń jẹun. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ sílé. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sún díẹ̀ sí i, ó gbó, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kan wà tí ajá àjèjì kan já lù wọ́n láti ẹ̀yìn iléèwé, ohun gbogbo bàjẹ́. Olúbùsọ́lá jókòó sórí koríko, ó ń sunkún. Ó ń rí ìkòkò ọkùnrin Òkè-Àgbò lójú.

"Mọ́mì, ẹ dìde," Leah ní. "Ó ṣubú ni, kò kú."

Wọ́n dìde. Ọ̀sán ọjọ́ kan wá dé. Ẹmáawòó jí lábẹ́ igi, ó dìde, ó gbọn eruku nù. Kíniwọ́nlèṣe na etí. Wọ́n ń retí igbe rẹ̀. Kò gbó. Ó wo Ẹmáawòó, ó yí ojú padà, ó jókòó síwájú Olúbùsọ́lá, ó sì tẹjú mọ́ àpò rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé, "Màdáámù, ajá ti yọ o, ẹran dà?"

Olúbùsọ́lá ké yèè, ó dì mọ́ ajá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Mọ́mì, ẹ má pariwo! Ẹ fún un ní ẹran!"

Láti ọjọ́ náà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kó tó di pé wọ́n parí, òun àti Ẹmáawòó ti ń sùn sábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn: bí ajá mìíràn bá ti yọ, ibi tí ẹran bá wà lára ènìyàn ni Kíniwọ́nlèṣe ń lọ jókòó síwájú rẹ̀.

Ernest jí lọ́jọ́ kan, ó rí àwọn ajá méjì tó jọ ń rìn kọjá. Kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wọ agbádá, ó gba ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn lọ.

"Mo pè é jókòó," ó ní, "mo bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo ní, 'Kíniwọ́nlèṣe, wò mí. Ṣé ẹ̀rù máa ń bà mí?' Ojú tì í. Ó yí padà lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́ ọdẹ ńlá pé. Olúbùsọ́lá kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kó fùkù tó kù fún Leah, Leah sì bá wọn dé etí igbó, ó ń fún ajá díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ajá yòókù ti ń dé, títí ó fi tán. Kíniwọ́nlèṣe dúró láàárín wọn wẹ́rẹ́. Bàbá Sùrájù wò ó, ó mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, àgbọ̀nrín ńlá kan wà léjìká àwọn ọdẹ. Ẹmáawòó ló gbọ́ òórùn rẹ̀, Kíniwọ́nlèṣe ló dí i lọ́nà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lé e jáde. Jàpàrà tú jáde. Iwájú ilé Bàbá Sùrájù kún fọ́fọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ Leah ń fi fóònù ya fídíò. Ernest gun àpótí kan.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọwọ́ mi lẹ rí yìí! Ajá tí ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti di balógun!"

"Ẹ ṣeun o, Olóyè," Bàbá Sùrájù ní. "Ọrùn náà jẹ́ ti ajá méjì. A ó là á sí méjì, ìlàjì tìẹ, ìlàjì tèmi."

Ojú Ernest yí padà. Ìlàjì? Ìlàjì ọrùn? Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó dákẹ́. Bí ẹ bá rí i kí Ernest dákẹ́, ẹ lọ ti ìlẹ̀kùn yín.

Wọ́n kun ẹran náà tán, wọ́n kó o sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ladánì pe ìrun Àsárì. Bàbá Sùrájù àti àwọn ọdẹ gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, àwọn èrò yòókù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká di ẹ̀yìn ìrun.

"Ta ni yóò ṣọ́ ẹran?" ni Bàbá Sùrájù bi wọ́n.

"Ẹ lọ kírun yín," Ernest ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Èmi wà níbí. Ẹ rántí mi nínú àdúà."

Wọ́n lọ, wọ́n kírun, wọ́n dé, èrò náà sì tún pé jọ. Ẹ̀dọ̀ ti pòórá. Ewé rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Áà!" Ernest kígbe, ó káwọ́ lérí. "Mo fi ojú mi méjèèjì rí i! Ẹmáawòó ni! Ó gbé e mì káló! Ẹ̀dọ̀ àwọn ìyá wa! Bàbá Ọdẹ, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ajá tó bá fẹnu kan ẹran, ìpín rẹ̀ ti lọ. Gbogbo ọrùn di tèmi."

Bàbá Sùrájù wo ajá rẹ̀, ó sì dun ẹni tó rí ojú bàbá náà. Ẹmáawòó kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń mi ìrù, ó ń bọ̀ láàárín èrò, àwọn ajá ọdẹ yòókù sì tẹ̀lé e.

Kíniwọ́nlèṣe, tó ti dùbúlẹ̀ sẹ́bàá Olúbùsọ́lá, rí wọn. Àwọn ajá yọ! Ó dìde, ó jókòó síwájú Olúbùsọ́lá, ó wo àpò rẹ̀. Olúbùsọ́lá na ọwọ́ òfìfo. Ajá wo Leah. Leah náà na ọwọ́ òfìfo. Ajá gbé imú sókè, ó gbóòórùn sọ́tùn-ún, ó gbóòórùn sósì. Ó wá rìn gba àárín èrò kọjá, kò yà síbì kan, ó jókòó síwájú Olóyè Ernest, ó sì tẹjú mọ́ àpò agbádá rẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe fẹ́ràn mi," Ernest ní. "Lọ, lọ jókòó lọ́hùn-ún."

Kò lọ. Ẹmáawòó wá jókòó tì í. Ajá mìíràn wá, òmíràn wá. Gbogbo wọn to yí Olóyè ká bí ọmọ ilé kéwú níwájú Áfà, gbogbo wọn tẹjú mọ́ àpò kan náà.

"Dádì," ohùn Leah jáde láti ẹ̀yìn, "ẹ ní ajá yín kì í purọ́."

"Ó kúkú sọ ọ́!" Afeezat aláfún dáhùn. "Ó ní ohun tó bá tọ́ka sí, ká gbà á bẹ́ẹ̀!"

"Ernest," Bàbá Sùrájù ní, "kí ló wà nínú àpò rẹ?"

"Bíbélì mi ni."

"Ó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Nǹkan pupa kan ti ń yọ lára agbádá funfun náà, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

"Báírò ló jò sápò mi," Ernest ní.

"Báírò pupa?"

"Mo... mo fẹ́ẹ́ ṣe tíṣà rí!"

Sùúrù Kíniwọ́nlèṣe ti tán. Ó dìde, ó ki ẹnu bọ àpò, ó fà. Fàààya! Àpò tẹ̀lé ẹnu rẹ̀, agbádá tẹ̀lé àpò, ẹ̀dọ̀ àgbọ̀nrín já bọ́ sí gbangba. Leah ti já a gbà kí ajá tó mì í. Olóyè sáré dọ̀bálẹ̀ láti bẹ Bàbá Sùrájù. Bó ṣe dọ̀bálẹ̀, fìlà rẹ̀ ṣí, kíndìnrín méjèèjì sì yí jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀rín! Ẹ̀rín pa Jàpàrà lọ́jọ́ náà. Àwọn ọdẹ ju ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà òjò fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ tún fìlà náà ṣí wò! Àgbọ̀nrín tó kù lè wà níbẹ̀!"

Bàbá Sùrájù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ernest, òfin tí o kà fún wa, ìwọ ló bá. O fọwọ́ kan ẹran kí a tó pín in, o sì parọ́ mọ́ ẹranko tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìpín rẹ ti lọ, o kò sì bá wa wọ igbó mọ́ lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ajá rẹ ṣiṣẹ́. Láti ayé bàbá wa, olówó ajá ló ń gba ìpín ajá. Lónìí, ajá ni yóò gba tara rẹ̀. Ẹ mú ọrùn wá."

"Gbogbo rẹ̀?" ni Ernest bi í láti ilẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀. Ìlàjì tèmi náà, mo fi ta á lọ́rẹ."

Wọ́n gbé ọrùn àgbọ̀nrín sórí ewé, níwájú Kíniwọ́nlèṣe. Ẹmáawòó sún mọ́ ọn. Olúbùsọ́lá di ọwọ́ Leah mú, nítorí ajá lè gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ nídìí oúnjẹ. Kíniwọ́nlèṣe wo Ẹmáawòó. Ó wo ọrùn. Ó sì sún ìdí díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ́ lórí ewé kan. Bí eegun bá ti dún kàù, Ernest á gbé itọ́ mì.

Omi ń bọ́ lójú Olúbùsọ́lá, kò nù ún. "Bàbá Ọdẹ," ó ní, "ẹ gbà mí o. Bàbá Oríolúwa ti ṣàdéhùn rẹ̀ fún alájá Òkè-Àgbò."

"Ajá tó ti jẹ ìpín rẹ̀ lójú ọdẹ ti di ọdẹ," Bàbá Sùrájù dáhùn. "Ta ló fẹ́ fi ọdẹ se pẹ́pẹ́súùpù ní Jàpàrà? Kó jáde ká rí i."

Ẹnikẹ́ni kò jáde.

Nígbà tí ọrùn tán, Kíniwọ́nlèṣe na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sùn. Wọ́n pè é, kò gbọ́. Wọ́n fà á, kò mira. Ó yó bí ìlù. Bàbá Sùrájù nawọ́ sí Ernest.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. Ernest, ẹrù rẹ nìyí."

Bí Olóyè ṣe gbé ajá kọ́rùn nìyẹn, ẹsẹ̀ méjì lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ méjì lápá òsì. Ó ń la Jàpàrà kọjá, agbádá tó ya ń wọ́ tẹ̀lé e, fídíò ń lọ, ajá ń han-an-run sí i létí. Ẹmáawòó ló ṣáájú, ó ń mi ìrù. Olúbùsọ́lá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi ẹ̀wọ̀n ajá kọ́ ọwọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ní ìkóríta, ẹnì kan tó ń ti oko bọ̀, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yẹ̀ fún wọn.

"Ẹ kú ẹrù o, Olóyè! Kí lẹ rù bọ̀?"

Olúbùsọ́lá ló bá a dáhùn.

"Ọrùn ẹran ni. Ó ti ní òun máa gbé e délé."